Ẹnu Ara Rẹ Ni Kí O Fi Sọ Ọ́, Bọ́lánlé

Sabon Gari, Kano.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Minna tí o ní ó ju ti Kano lọ. Ara gbogbo wa le. Àwọn àbúrò rẹ ń jà lórí ibùsùn rẹ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lálẹ́ ló ni ín. Ọyẹ́ ti kọjá, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kò kọjá. Bí mo bá nu tábìlì yìí tán, kí n tó kọ ìlà díẹ̀, ó ti tún bà lé e.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú. Bàbá rẹ kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní, “Ìbídùn, ìwọ lo mọ̀wé kọ nílé yìí. Bá mi kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà pé ara mi ò yá, pé mo fẹ́ kí ọmọ mi padà wálé wá tọ́jú mi. Kọ ọ́ kó dùn létí.” Wọ́n dìde, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù ní France Road, wọ́n lọ ń to ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ sórí pẹpẹ. O mọ̀ wọ́n. Ara wọn le ju tèmi lọ.

Mo jókòó, mo sì kọ “Sí Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́.” Ibẹ̀ ni mo dúró sí láti ọjọ́rú títí di òní. Èyí tí ò ń kà yìí ni mo kọ dípò rẹ̀. Bàbá rẹ ò tíì mọ̀.

Mo ti ka ohun tí o kọ débi pé mo lè kà á lórí. O ní àwọn ìyá ọmọ méjì kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ tísà tí yóò kó ìkólòlò ran àwọn ọmọ àwọn. O ní àwọn ọmọ náà ń pè ọ́ ní Tísà Gbé-gbé-gbé, nítorí bí o bá fẹ́ ní kí wọ́n gbé síléètì sókè, orí “gbé” ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n o ò lè lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, nítorí bí o bá dé iwájú wọn, ẹnu rẹ ò ní là. Nítorí náà kí bàbá rẹ bá ọ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ lẹ́tà tí wọ́n rán mi. Mi ò ní kí o dúró ní Minna. Mi ò ní kí o má bọ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí ẹlòmíràn bá ọ sọ ọ́ yìí ni mo fẹ́ bá ọ yanjú, nítorí mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí, ibi tó gbé mi dé ni o ti bá mi.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí mo jáde ìwé ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá wa obìnrin, òyìnbó kan, ní kí n dúró, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé mi ò lè sùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kí n dúró níwájú gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ọmọ díẹ̀, kí n máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti abẹ́rẹ́, títí ahọ́n mi yóò fi mọ ibẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kékeré ni. Mo múra láti lọ bẹ̀ wọ́n, mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ìkọ̀wé lu tábìlì nínú ilé, mo bá yí padà. Mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé kó bá mi lọ sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà rẹ̀ funfun, ó lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi dé. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Mo ti bá ọ yanjú ẹ̀,” ló wí. “Mo ní o ò ṣe mọ́. Mo ní ọkọ lo fẹ́ fẹ́.”

“Ọ... ọ... ọkọ wo?”

“A máa rí ọkọ. Ṣé kí n máa wá ṣàlàyé fún òyìnbó pé ọ̀rọ̀ ń há ọ lọ́fun ni? Ìtìjú wo nìyẹn? Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín.”

Ó fẹ́ràn mi, Àṣàkẹ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ọ̀gá wa fi Bíbélì kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ àdúrà ìgbéyàwó sínú rẹ̀, fún ìgbéyàwó tí kò ní ọkọ. Wọ́n fi ẹlòmíràn sípò náà. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ nígboro pé ọkọ ni mo fẹ́ fẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ tí yóò bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu. Wọ́n rí oníṣòwò kan ní Kano tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó ní ọmọbìnrin kan. Má ṣì mí gbọ́. Èèyàn rere ni bàbá rẹ, mi ò sì lè sọ pé mo kábàámọ̀ pé mo mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kano, kì í ṣe ẹnu tèmi. Mo ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà náà, ó sì ń ṣe mí nígbà mìíràn bí ẹni tó gba àpótí ẹlòmíràn bọ́ sílẹ̀ ní ìdíkọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi èkínní: má yá ẹnu ẹlòmíràn lò fún ohun tó jẹ mọ́ ayé rẹ. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹnu tí o bá yá, ohun tó wà nínú ẹni tó ni ín ni yóò sọ, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ. Ìwọ á bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ díẹ̀. Òun á sọ pé o ò ṣe mọ́. Ìwọ ní ó rẹ̀ ọ́. Òun á ní ara bàbá rẹ ò yá.

Èkejì ló ṣòro fún mi láti kọ. Ọjọ́ tí mo dé ilé yìí, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lo sápamọ́ sí. O tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ rẹ máa ń ṣàn nígbà náà bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì pa, Yorùbá, Hausa, Pidgin, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo fẹ́ pè ọ́, mo ní, “Bọ́... Bọ́... Bọ́...” O fò jáde, o ní, “Bọ́lánlé ni! Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè ọ́ ní Àṣàkẹ́. O rò pé mo fi ń gẹ̀ ọ́ ni. Mo fi ń gẹ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ fà á ni pé ahọ́n mi kò lè gbé orúkọ rẹ.

Ìwọ àti àwọn ọmọ ilé wá fi mí ṣe eré. Ẹ máa ń jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ẹnì kan á ṣe èmi, ẹnì kan á ṣe ẹni tó ń ta wàrà. “Mà... mà... mà... màdáàmù, èló ni?” Ẹ rò pé mi ò gbọ́. Ìwọ lo máa ń ṣe mí dáadáa jù; o tiẹ̀ máa ń di ojú bí mo ṣe ń di ojú. Inú mi kì í bàjẹ́, irú eré bẹ́ẹ̀ ti mọ́ mi lára láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọyẹ́ kan, o ń sọ nǹkan fún bàbá rẹ nípa bàtà rẹ tó já, ọ̀rọ̀ sì há ọ lẹ́nu. Bàbá rẹ ní, “Fi eré yẹn sílẹ̀.” Ojú rẹ kún fún omi. Kì í ṣe eré mọ́.

O mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Ìyá Alásè, tí wọ́n ń se ìrẹsì tà fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn ló tọ́jú rẹ kí n tó dé. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn ní Kọ́tásì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń gbé, wọn ò tiẹ̀ dúró kí iná wọn kú. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé.

“Kí ìyàwó yìí tó dé, ṣé ọmọ yìí máa ń kólòlò?” Bàbá rẹ ni wọ́n ń bi, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń wò.

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ọmọ tó ń ka ẹsẹ Bíbélì fún gbogbo ìjọ! Ìwọ náà mọ̀ pé èèyàn kì í sún mọ́ akólòlò kó má kó o. Kì í ṣe èébú o, ìyàwó. Ọlọ́run ló dá ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n máa ṣe é níwọ̀nba lójú ọmọ.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mi ò tiẹ̀ rántí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí kò jáde. Ìyá Alásè dúró díẹ̀, wọ́n bá mi parí rẹ̀: “Ó ní òun ti gbọ́.” Wọ́n lọ.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo rò pé bí o kò bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi mọ́, yóò fi ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń bá ọ pàlọ́ lálaalẹ́ kó tó di ìgbà náà. Mo fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ Hausa. Hausa kì í há mi lọ́fun tó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó ń retí pé kí n sọ ọ́ dáadáa, bóyá nítorí pé ọjà Fagge ni mo ti kọ́ ọ, láàárín ariwo. “Zo ki ci abinci,” kí o wá jẹun. “Rufe ƙofa,” kí o ti ìlẹ̀kùn. Hausa oúnjẹ, Hausa ìlẹ̀kùn, Hausa omi. Kò sí nínú rẹ̀ bí mo ṣe lè bi ọ́ pé kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Mi ò mọ Hausa débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń di irun rẹ, o yí orí padà, o ní, “Ìyá kékeré, ṣé ẹ ń bínú sí mi nítorí pé mo sín yín jẹ?” Mo ní, “A'a.” Rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré, ti Hausa, mo sì yí orí rẹ padà síwájú kí n lè parí irun. Láti ọjọ́ náà ni ìwọ náà ti ń fi Hausa dá mi lóhùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ìwà ọmọ Kano ni, ọmọ tí a bí sílùú yìí kì í fẹ́ sọ Yorùbá. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn yẹn, o sì rò pé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń há lẹ́nu nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ju ọmọ yòókù lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ojú ọ̀nà náà nílé wa, òun ló dákẹ́ sí ọ.

Àṣàkẹ́, mi ò bínú sí ọ rí. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá báyìí kó lè yé ọ.

Bàbá rẹ ti dé. Jẹ́ kí n lọ gbé oúnjẹ wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá Minna yẹn sọ kì í ṣe òótọ́. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i.

Lẹ́yìn tí o lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, bàbá rẹ ń jẹun, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó wá ra táyà kẹ̀kẹ́, tó ń kólòlò bó ṣe ń ná an. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ó rán mi létí bàbá wa. Bàbá wa kì í lè bèèrè omi kí òùngbẹ má ti pa á tán. Àfi bó bá ń jà nìkan. Bó bá ń jà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á máa já gaara bí ẹni ń ka ìwé.”

Ọwọ́ mi dúró nínú àwo. Mo ní, “Bàbá yín ń k... kólòlò?”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Títí tó fi kú.”

“Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?”

“Báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀? Àwọn ni wọ́n máa ń bá bàbá parí ọ̀rọ̀.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn ní èmi ni mo kó o ran ọmọ. Ó pẹ́ kí n tó bèèrè rẹ̀ tán. Bàbá rẹ fi òkèlè sílẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ti ìlú òkèèrè dé. “Èmi ò mọ̀ pé ó dùn ọ́,” ni wọ́n wí. “O ò sọ nǹkan kan.”

Wọ́n pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Gbogbo ọdún tí mi ò fi pa àlọ́ fún ọ, ìbéèrè kan ni ì bá gbà á là. Mi ò bèèrè. Mi ò sì lè dá Ìyá Alásè nìkan lẹ́bi. Bóyá wọ́n ti gbàgbé, bóyá wọn ò fẹ́ kí ó jẹ́ ti ìdílé wọn. Èmi ni mo gba ẹ̀bi tí wọ́n nà sí mi, tí mo gbé e sórí, tí mo sì ń rìn lọ.

Mi ò mọ ohun tó ń fa ìkólòlò. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wo àwọn tí ẹ jọ fi mí ṣe eré nígbà náà: Súnbọ̀ ojúlé kejì ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà lónìí, ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Àwọn àbúrò rẹ tí mo bí, etí wọn ò gbọ́ ohùn mìíràn ju tèmi lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kólòlò. Bí àwọn ìyá náà bá tún wá, sọ èyí fún wọn. Bó bá gbà ọ́ ní gbogbo àárọ̀, sọ ọ́ tán.

Níbi tí a bá a dé yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kíyè sí nípa ọ̀rọ̀ sísọ, bóyá á wúlò fún ọ. Mi ò ní ka nọ́mbà mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ sọ gan-an ni kí o sọ. Ìwọ àti èmi mọ bí a ṣe ń sá fún ọ̀rọ̀. Mo ti ra aṣọ aláwọ̀ ewé rí ní Fagge, nítorí pé “búlúù” kò jáde, mo sì wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó. Èèyàn kò ní mọ̀ pé o sá, wọ́n á tiẹ̀ máa yìn ọ́ pé o ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n aṣọ tí o kò fẹ́ ni wàá máa wọ̀. Bí “gbé” bá há, dúró lórí “gbé.” Má sáré wá “nà” tàbí “mú.”

Má di ojú rẹ. Mo ṣe é títí, o kọ́ ọ lára mi. Bí a bá di ojú, a ò ní rí i pé ẹni tó ń gbọ́ wa kò bínú. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń dúró ni. Mi ò mọ èyí títí ó fi pẹ́, nítorí mi ò wò wọ́n.

Mí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má fi agbára ti ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá ṣe ń tì í ló ṣe ń le. Gbé ètè rẹ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bí èmi ṣe ṣe nìyẹn, bí ẹni tí kò gbọ́, eré yín sì ń gbilẹ̀. Sọ fún wọn pé, “Mo máa ń kólòlò. Bó bá há, ẹ dúró dè mí, ẹ má bá mi parí ẹ̀.” Ọmọdé fẹ́ràn kí a fún wọn ní iṣẹ́. Fún wọn ní iṣẹ́ dídúró.

Wọ́n á pa òwe fún ọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe rere ni, wọ́n fi tù mí nínú títí etí mi fi di. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró kó gbọ́ “baba” náà. Bí gbogbo ayé bá ti bá akólòlò pe baba tán, kí ló kù fún un láti pè? Nítorí náà, má jẹ́ kí wọ́n bá ọ pè é. Gbé ọwọ́ sókè bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ìyẹn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án yìí, òun ni mo fi pẹ́ kí n tó padà sídìí lẹ́tà yìí.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Alásè wá kí wa. Bàbá rẹ jókòó pẹ̀lú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ké sí mi. “Ìbídùn, lẹ́tà ọ̀gá Minna ńkọ́? Mo fẹ́ kó bá ọkọ̀ ọ̀la lọ.”

Mo ní, “Mi ò k... k... k...”

“Kò tíì ráyè,” ni Ìyá Alásè wí.

Mo mi orí. Mo ní, “Mi ò k... k...”

“Kò rí bébà. Wọ́n ń ta bébà ní...”

Mo kúnlẹ̀, lórí eékún mi méjèèjì, bí ó ti yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ṣùgbọ́n mo gbé ọwọ́ sókè síwájú wọn. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

Ìrẹsì tí wọ́n gbé wá fún wa ń tutù. Mo mí. Mo la ojú mi sílẹ̀, mo wo bàbá rẹ. Mo ní, “Mi ò kọ ọ́. Mi ò sì ní kọ ọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀.” Ó gùn ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí lọ. Ó gùn gan-an. Bàbá rẹ kò bá mi parí rẹ̀.

Ìyá Alásè pàtẹ́wọ́. “Háà! Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọ yẹn tán, ilé-ẹ̀kọ́ á ti gba ọlidé!”

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọlidé. Kó sọ ọ́.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ó ti tó ọdún mélòó tí o ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn báyìí fún mi?” Mi ò dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pé ó há. Mi ò mọ iye rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ti ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn látọ̀dọ̀ wa, mo sì mọ̀ pé wàá fẹ́ yí padà bí o bá ka ibí yìí, nítorí èmi náà ti yí padà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan rí. Bí o bá ka èyí tán, lọ bá ọ̀gá rẹ, kí àwọn ọmọ tó wọlé. Jókòó bí wọ́n bá ní kí o jókòó. Bí o bá fẹ́ dúró, sọ pé o fẹ́ dúró, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n bá ọ ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà. Bí o bá fẹ́ ọmọ díẹ̀ dípò kíláàsì ńlá, bèèrè rẹ̀. Wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè kọ̀. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ máa bọ̀ ni, sọ pé ò ń bọ̀, má fi àìsàn bàbá rẹ bò ó. Wọ ọkọ̀, kí o máa bọ̀ wálé. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí, èmi kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ wí.

Kí Ọlọ́run tó dá ahọ́n mi àti ahọ́n rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà náà pẹ̀lú rẹ.

Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi. Èyíkéyìí tí o bá yàn, mi ò ní bi ọ́ ní ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí màá wá nínú lẹ́tà rẹ ni ẹni tó sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ kékeré,
Ìbídùn.